Ẹ̀yìnkùnlé Àwọn Bàbá Wa: Ewúrẹ́, Adìẹ àti Ìparí Òjò ní Jos

Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ti wọlé, Ọ̀wàrà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ń múra àtilọ, òtútù òwúrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti gbó lóko, wọ́n sì ti ń wa ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Áírìṣì.

A ti sọ ìtàn àwọn baálẹ̀ wa níbí, a ti sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ẹ̀yìnkùnlé. Ìdí tá a fi fẹ́ sọ ọ́ ni pé ilé ẹran ń tán láàárín wa. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí bàbá wa kọ́: ibi tí ewúrẹ́ ń sùn tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù, ibi tí adìẹ ń yé sí ti di ibi tá à ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Àwọn ọmọ wá ń béèrè pé, "Ṣé bàbá àgbà ò lọ́jà ni, tí wọ́n fi ń sin ewúrẹ́?" Wọ́n lọ́jà dáadáa. Ewúrẹ́ yẹn gan-an wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà náà dúró, òun náà ló sì sọ àlejò di ará àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Báwo la ṣe dé ibí?

Tánńganran ló pe ayé wá sí Plateau. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wa tánńganran lórí òkè yìí. Ní 1912, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti ń dé Kano. Ní 1914, ojú irin kékeré kan ti gbéra láti Zaria dé Bukuru kó lè máa kó tánńganran. Ojú irin yẹn tóóró ju ti ọkọ̀ ńlá lọ, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1957 kí wọ́n tó pa á tì. Ní 1927, ẹ̀ka ojú irin ńlá tó ti Port Harcourt wá gba Kafanchan dé Jos. Ibi tí ojú irin bá dé, àwọn èèyàn wa á bá a débẹ̀: akọ̀wé láti Èkó àti Abẹ́òkúta, oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló tó ń tajà àwìn, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún àwọn lébìrà.

Àwọn tó wá yìí kò wá ṣe àgbẹ̀. Ilẹ̀ ibí nílẹ̀ àwọn Bẹ̀róm, Afizere, Anaguta àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, àlejò ò sì lè déédéé la ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá ayé ìgbà yẹn tó lè gbé ilé tí adìẹ ò ti ní kọ láàárọ̀. Ẹ̀yìnkùnlé kékeré tó kù lẹ́yìn yàrá àti ilé ìdáná, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di oko. Ewúrẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, adìẹ mẹ́wàá, ẹyẹlé lórí pákó, nígbà mìíràn àgbò kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de Iléyá.

Kí ni wọ́n bá nílẹ̀?

Ohun tí wọ́n bá lórí òkè yìí yàtọ̀ sí tilé. Jos ga ju ìpele òkun lọ tó bíi mítà 1,200. Nítorí òtútù, eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn burúkú ran màlúù kò rí ibi dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn Fúlàní fi ń kó màlúù gun òkè wá nígbà òjò, tí koríko bá pọ̀. Bí òjò bá ti ń lọ, bíi October sí November, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún kó ẹran sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà odò Benue, níbi tí koríko tútù ṣì wà. Ìlọ àti àbọ̀ yẹn ni àwọn bàbá wa fi ń mọ àsìkò. Tí wọ́n bá ti rí i pé agbo màlúù ń kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé.

Àwọn Bẹ̀róm náà ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ń gbin igi oró, èyí tí oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀, yí agboolé wọn ká bí ògiri. Láyé ogun, igi oró yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin akónilẹ́rú ráyè wọlé. Lẹ́yìn tí ogun lọ, òun náà ló ń sé ewúrẹ́ mọ́. Wọ́n tún ní ẹṣin kékeré tiwọn tí wọ́n ń gùn lọ ṣọdẹ. Nígbà òjò, wọ́n máa ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kó má ba oko jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá kórè ácà àti ọkà tán ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ kí àlàáfíà wà gbọ́dọ̀ kọ́ òfin yìí kíákíá. Ewúrẹ́ Yorùbá tó bá jẹ oko Bẹ̀róm ní September ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí oṣù méjì ló kù kí wọ́n kórè ácà yẹn. Okùn ewúrẹ́ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn bàbá wa kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń bá onílẹ̀ gbé.

Ewúrẹ́ pàápàá yàtọ̀. Nílé, ewúrẹ́ kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ kékeré la mọ̀, èyí tó lè fara da àrùn eṣinṣin tsetse nínú igbó. Níhìn-ín, wọ́n bá ewúrẹ́ pupa Sokoto, tó ga jù ú lọ, tí awọ rẹ̀ sì lókìkí káàkiri ayé. Awọ rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń gbé gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí àríwá Áfíríkà látijọ́, tí àwọn òyìnbó fi rò pé Morocco ló ti wá, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Morocco pè é. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ Hausa níbí ni.

Iṣẹ́ September àti October

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀, ẹ ó rántí. September ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù lẹ́yìnkùnlé.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ ẹran. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ ń lóyún. Èyí tó bá gba akọ ní April, nígbà tí koríko àkọ́rọ̀ òjò ń hù, September ló máa bímọ. Ìyá ewúrẹ́ tó ń fọ́mọ lọ́mú sì ń jẹun gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni koríko tútù ò ní pẹ́ gbẹ. Nítorí náà, gbogbo ọmọ ilé ló ń kó nǹkan jọ: háhá àgbàdo, ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní haráwà, pòròpórò ọkà, koríko ácà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Wọ́n á sá a, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á gbé e sórí àjà kí òjò ìkẹyìn má baà pa á, nítorí koríko tó bá bu a máa pa ẹran. Dúsà, ìyẹn èèrí, wọ́n á rà á nígbà tí ọjà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọn ò ní dúró de January.

Àwọn ìyá wa mọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, wọn kì í fún ewúrẹ́; wọ́n á sá a gbẹ ná, nítorí májèlé wà nínú èyí tó tutù. Èèpo Áírìṣì tó bá ti ní àwọ̀ ewé tàbí tó ti ń hù, wọ́n á dà á nù. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní yunifásítì, ojú wọn ló rí i.

Èkejì ni adìẹ. Ogún ọjọ́ ó lé kan ni adìẹ ń sàba. Àkùkọ ìbílẹ̀ a máa lò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó tó pa. Ẹ ṣírò ó: adìẹ Kérésìmesì ti gbọ́dọ̀ jáde nínú ẹyin ní June tàbí July. Ní September, iṣẹ́ tó kù ni ká dáàbò bo àwọn tó ti ń dàgbà lọ́wọ́ àwòdì, ológbò àti òtútù. Awó ní tiẹ̀, tí òjò bá ti ń lọ, kì í yé mọ́. Ẹyin awó tí wọ́n bá kó lásìkò yìí, wọ́n á fi sábẹ́ adìẹ kó bá wọn sàba, nítorí adìẹ mọ ọmọ tọ́ jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta ni ilé ẹran. Wọ́n á gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti pọ̀ nígbà òjò jáde, wọ́n á gbé e fún àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin Áírìṣì tàbí ẹ̀fọ́ létí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ náà á fi àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń pe Fúlàní pé kó wá da màlúù sórí oko tí wọ́n ti kórè tán, kí ìgbẹ́ rẹ̀ lè fún ilẹ̀ lókun. Ìgbẹ́ ẹran, àṣé ó lè di àdéhùn láàárín ẹ̀yà méjì.

Báńkì tó ń jẹ koríko

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ọlọ́jà ni wá. Owó tó wà nínú ọjà, ọjà ló ń jẹ ẹ́. Oníbàárà àwìn á gbà, kò ní san. Ọjà mìíràn á dúró sí sẹ́ẹ̀fù tí owó fi máa dé. September sì ni ilé ìwé ń wọlé: owó ìwé, owó yunifọ́ọ̀mù, owó ẹgbẹ́ òbí. Ọlọ́jà tó bá yọ owó yẹn láti inú ọjà, kò ní rí owó kó ọjà Kérésìmesì wọlé ní October. Ibẹ̀ ni òbúkọ ń wọlé sí ọ̀rọ̀. Wọ́n á fa òbúkọ kan tàbí méjì lọ sọ́jà, owó ilé ìwé ti délẹ̀, ọjà sì wà bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ lóyà, nọ́ọ̀sì àti tíṣà tí àwa Yorùbá Plateau ń fi yangàn lónìí, òbúkọ ti san nínú owó ilé ìwé wọn.

Àdéhùn gbà-sìn tún wà. Ẹni tí kò láàyè lẹ́yìnkùnlé á fún ẹlòmíràn ní abo ewúrẹ́ sìn. Tó bá bí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan. Tó bá ń bí ẹyọ kan, tìrẹ lónìí, tèmi nígbà mìíràn. Tí ẹran bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ wá kí olówó rí i, kó má baà dà bí ẹni tó tà á jẹ. Àwọn bàbá wa gbé àdéhùn yìí wá láti ilé. Nígbà tí wọ́n débí, wọ́n rí i pé àwọn Fúlàní náà ní tiwọn tó jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní habbanaye: wọ́n á yá ẹnì kan ní abo màlúù, yóò mú àwọn ọmọ tó bá bí lákọ̀ọ́kọ́, yóò wá dá ìyá rẹ̀ padà. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá gbé ewúrẹ́ fún Bẹ̀róm sìn, tàbí tí Fúlàní bá Yorùbá mójú tó àgbò Iléyá rẹ̀, wọ́n gbọ́ ara wọn yé kódà nígbà tí èdè ò tíì yé wọn. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, o ò ní fẹ́ kí ibi bá a. Òun náà ò ní fẹ́ kí ibi bá ọ.

Àrùn àti Vom

Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Ẹran ń kú. Láwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1887, àrùn màlúù ńlá kan tí òyìnbó ń pè ní rinderpest jà káàkiri Áfíríkà, ó sì sọ ọ̀pọ̀ Fúlàní ọlọ́rọ̀ di aláìní. Nítorí irú àrùn yìí ni ìjọba fi dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom ní 1924, nítòsí ibí yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Rinderpest tún jà ní Nàìjíríà ní 1983, ó pa màlúù rẹpẹtẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló borí rẹ̀, títí tí wọ́n fi kéde ní 2011 pé ó ti tán lórí ilẹ̀ ayé.

Èyí tó ń pa ewúrẹ́ tiwa ni kata. Ojú ẹran á máa ṣomi, imú á máa ṣàn, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Tí ọ̀kan bá kó o, ó lè gbá gbogbo ilé ẹran lọ. Ewúrẹ́ tuntun tá a rà lọ́jà ló sábà máa ń gbé e wálé. Ẹ gbọ́ ohun ìwúrí kan: abẹ́rẹ́ kata tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, orúkọ irú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é ni Nigeria 75/1, nítorí ara ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975. Ewúrẹ́ tiwa ló ń gba ewúrẹ́ ayé là. Àwọn àjọ àgbáyé ti pinnu ní 2015 pé kata gbọ́dọ̀ tán láyé tó bá fi máa di 2030.

Ti adìẹ ni lúkúlúkú, tó máa ń jà jù nígbà ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní Vom. Ẹni tó bá fún adìẹ rẹ̀ ní September sí October, kí ọyẹ́ tó dé, ló ń rí adìẹ pa ní Kérésìmesì. Ní February 2006 sì ni wọ́n rí àrùn ẹyẹ tó ń jẹ́ H5N1 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ní oko adìẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Vom wà lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé wa ló jáwọ́ nínú adìẹ, wọn ò sì tíì padà sí i.

Ohun tó ń pa ilé ẹran

Wolé-wolé ló kọ́kọ́ bá wa fà á. Láyé òyìnbó, tí wolé-wolé bá dé, yóò wo inú ìkòkò omi bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, yóò wo ẹ̀yìnkùnlé, ewúrẹ́ tó bá sì ń rìn kiri lójú títì á kó olówó rẹ̀ sí wàhálà. Nítòótọ́, ó níbi tó dáa sí. Ilé ẹran tó dọ̀tí ń fa eṣinṣin àti àìsàn, àwọn ìyá wa sì kọ́ ìmọ́tótó lára ìbẹ̀rù yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ wọ́n. Yàrá kan lójú títì lè mú owó háyà wá lọ́dọọdún láìjẹ koríko, láìkó kata. A ò lè bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ jà.

Wàhálà náà sì dé. September 7, 2001, ọjọ́ tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, kò sí ilé wa kan tó lè gbàgbé. Ẹni tó ń sá kò lè gbé ewúrẹ́ sá. Látìgbà náà, àdúgbò pín sí méjì ní ibi púpọ̀, ti Krìstẹ́nì lọ́tọ̀, ti Mùsùlùmí lọ́tọ̀. Àwa Yorùbá tá a ní Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì nínú ilé kan náà, a mọ bó ṣe dùn wá tó. Ohun tó tún bá a lọ ni àdéhùn gbà-sìn. Ta ni ń gbé ewúrẹ́ fún ẹni tí kò lè dé àdúgbò rẹ̀ mọ́? Ohun tí ilé ẹran tó tán gbé lọ nìyẹn, ó sì ju ẹran lọ.

Kí la fẹ́ ká ṣe?

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lẹ́yìn ilé, abo ewúrẹ́ méjì tá a so mọ́lẹ̀ kò pọ̀ jù. Ẹ fún wọn lábẹ́rẹ́ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ ya èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó wọn pọ̀. Ẹ kó haráwà jọ báyìí tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní adìẹ tirẹ̀, kó máa ka ẹyin, kó mọ̀ pé oúnjẹ kì í ti inú fíríìjì wá.

Ẹni tí kò láàyè, kó wá aládùúgbò tó ní, kó gbé abo ewúrẹ́ kan fún un sìn. Tó bá ṣeé ṣe, kó má jẹ́ ọmọ Yorùbá, kó má sì jẹ́ ẹlẹ́sìn tirẹ̀. Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. A ti jẹ lórí òkè yìí, a ti mu, a ti sin òkú wa síbẹ̀, a sì ti bímọ síbẹ̀. Kò yẹ ká yẹrí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tẹ́ ẹ mọ ìtàn yìí jù wá lọ, ẹ bá wa fi kún un nísàlẹ̀. Irú ẹran wo ni wọ́n ń sìn nínú agboolé yín? Ta ló ń bá yín sìn ín? Ẹ kọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kà. Ọyẹ́ ọdún yìí á bá wa láyọ̀ o. Àṣẹ.